Ta Ló Ń Jèrè Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ wọn àti àwọn àlejò sọ lórí ètò ìfẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n, nígbà ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí ìdí mẹ́wàá yóò jẹ́ kí a rí ogún, yóò jẹ́ kí a rí àádọ́ta.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n rò ni pé n óò sọ̀rọ̀ lórí owó, nítorí iṣẹ́ báǹkì ni mo ń ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́. Akápò wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Alukoro, kí ni òṣìṣẹ́ báǹkì mọ̀ nípa ìfẹ́?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Kí n tó jókòó, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí ìyàwó mi, ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìwé àdéhùn níbi iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí." Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni. Ìwé àdéhùn ètò tẹlifíṣọ̀n kan ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kó ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin sínú ilé kan kí wọ́n wá ọkọ, kí wọ́n wá aya, níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ tún yẹ̀ wò. Inú rẹ̀ dùn bí ọjọ́ ìbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ti jáde yunifásítì, ó ti sìnrú ìlú tán, iṣẹ́ kò tíì yọjú. Mo mú gíláàsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà bí a ti ń ka ìwé ẹni tó fẹ́ yá owó. N óò padà sórí ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi náà ń wo àwọn ètò yìí. Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ yẹn, kò ní jẹ́ kí n purọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí àwọn ọmọ àti ìyá wọn ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Má mú ìyẹn! Má mú ìyẹn!", èmi náà á jókòó, kò sì ní pẹ́ tí n óò fi bá wọn pariwo. Ó dùn ún wò. Ẹni tó bá ní kò dùn ún wò, kò tíì wò ó ni. Nítorí náà, n kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bó ṣe rí nìyí. Lọ́dún 2002 ni iléeṣẹ́ ABC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ The Bachelor: ọkùnrin kan, obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọkùnrin náà á máa fún àwọn tó bá wù ú ní òdòdó róòsì. Ẹni tí kò bá rí òdòdó gbà á gbé báàgì rẹ̀, kámẹ́rà á sì tẹ̀ lé e dé inú mọ́tò kí wọ́n lè ya omijé rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020, méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Netflix gbé Love Is Blind jáde, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, tí wọn kò ní rí ara wọn títí tí ọ̀kan yóò fi ní òun fẹ́ fẹ́ èkejì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó di iwájú pẹpẹ. Nílé wa níbí, Africa Magic gbé Ultimate Love jáde. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé kan, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, àwa òǹwòran sì ń dìbò fún àwọn tí a fẹ́ràn. Gbogbo àwọn ètò wọ̀nyí ni wọ́n ní ìfẹ́ tòótọ́ ni àwọn ń wá.

Ní ìdí iṣẹ́ wa ní báǹkì, bí ẹnìkan bá gbé òwò wá, ìbéèrè kan wà tí a kì í fò. Bí òwò yìí bá dára, ta ni yóò jèrè? Bí ó bá sì bàjẹ́, ta ni yóò pàdánù? Bí ẹni tó ń ti ọ níwájú kò bá ní nǹkan kan tí yóò pàdánù, yáa rọra. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a bi àwọn ètò wọ̀nyí.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wa mọ alárinà. Alárinà kì í ṣe àlejò. Ìlú kan náà ni òun àti ẹbí méjèèjì ń gbé, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Bí ìgbéyàwó náà bá dára, wọn yóò máa dárúkọ rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ó bá bàjẹ́, òun náà jẹ nínú ìtìjú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún rán an nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà á yẹra. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí àlàáfíà dé ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, ọjọ́ náà ni ó sì gba ọpẹ́.

Ta wá ni alárinà orí tẹlifíṣọ̀n? Iléeṣẹ́ ni. Níbo ni owó rẹ̀ ti ń wọlé? Láti ọ̀dọ̀ àwọn onípolówó ọjà, àti láti ọ̀dọ̀ àwa tí a ń san owó oṣooṣù kí a lè wò ó. Kí ló sì ń mú kí a wò ó? Ìjà ni, ẹkún ni, ìdalẹ̀ ni. Tọkọtaya tó jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, tí wọ́n ń gbèrò bí wọn yóò ṣe san owó iléèwé, ta ni yóò wò wọ́n? Èmi náà á yí i sí bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ọjọ́ tí àlàáfíà bá dé, ọjọ́ náà ni ọjà alárinà yìí kùtà. Bí ọmọ náà bá sì padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́, kò sí ohun tí iléeṣẹ́ pàdánù, nítorí wọ́n ti ta ìbànújẹ́ náà. Àbùkù tó ju gbogbo àbùkù lọ nìyẹn. Àwọn yòókù, ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ jáde.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwádìí. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan wọ mọ́tò lọ sí ìlú ọkọ, ó ṣe bí ẹni tó wá ra epo pupa. Ọjọ́ méjì ló fi ra epo náà! Nígbà tó fi máa dé, ó ti mọ bí bàbá ọkọ ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé, ó ti mọ̀ bóyá ẹbí náà ń jẹ gbèsè, ó sì mọ ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ nígbà tí wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Epo náà kò tiẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọkọ náà dára, wọ́n wà pa pọ̀ títí dòní.

Ẹ fi wé èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2000, iléeṣẹ́ Fox ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Who Wants to Marry a Multi-Millionaire? Àádọ́ta obìnrin jáde síwájú ọkùnrin olówó kan, Rick Rockwell, tí wọn kò rí rí. Ó mú ọ̀kan, Darva Conger, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì so yìgì níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn fi tú u síta pé ilé ẹjọ́ ti fi àṣẹ dè é nígbà kan rí kí ó má ṣe sún mọ́ obìnrin tó ti jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Obìnrin yẹn ní ó na òun. Ọkùnrin náà ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ilé ẹjọ́ fagi lé ìgbéyàwó náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó lọ ra epo, kò ní ju ọjọ́ méjì lọ kí ó tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ilé náà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ọtí wà, oúnjẹ wà, adágún omi wà. Kò sí ẹni tó ń san owó iná. Ìyá ẹnikẹ́ni kì í ṣàìsàn. Onílé kì í kan ìlẹ̀kùn. Àbúrò kan kì í pè láti ìlú pé owó ìdánwò òun kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, ẹ bá mi sọ òtítọ́: níbo lẹ ti mọ ẹni tí ẹ fẹ́? Ṣé níbi tí ẹ ti ń jẹun níwájú adágún omi ni, àbí lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí ọmọ ń ké, tí owó oṣù kò sì tíì wọlé? Ìwà tí ọkọ tàbí aya hù lọ́jọ́ yẹn ni ìwà rẹ̀. Ètò tó bá mú gbogbo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ti mú ohun tí a fi ń mọ ènìyàn kúrò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ohun tí a ń rí pàápàá. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ títí di òru, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwọn ètò yìí, díẹ̀ péré ni wọ́n ń gbé jáde. Ẹni tó mú àlùmọ́gàjí dání ló ń pinnu ẹni tí yóò jẹ́ ọmọlúàbí àti ẹni tí yóò jẹ́ ìkà. Wọ́n lè gé ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tí o sọ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó wá di gbólóhùn tí kò ti ẹnu rẹ jáde rí. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú The Bachelor, Sarah Gertrude Shapiro, kúrò níbẹ̀, lọ́dún 2015 òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní UnREAL, lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú kí àwọn olùkópa sunkún, kí wọ́n sì bá ara wọn jà. Ìtàn àròsọ ni eré náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dáná níbẹ̀ rí ló ń sọ bí ọbẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kàn, ibi tí mo mọ̀ jù nìyẹn. Lọ́dún 2022, Jeremy Hartwell, tó kópa nínú Love Is Blind, pe àwọn tó ń ṣe ètò náà lẹ́jọ́. Ó ní wọ́n ń fún àwọn ní ọtí láìdáwọ́dúró nígbà tí oúnjẹ àti omi kò tó, pé oorun kò tó, àti pé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí olùkópa bá lọ kí wọ́n tó parí, ìwé àdéhùn ní kí ó san 50,000 dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó ọ̀sẹ̀ àádọ́ta! Ní báǹkì tiwa, bí a bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé oníbàárà, ariwo á sọ. Àwọn iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀sùn náà kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 wọ́n gbà láti san 1.4 mílíọ̀nù dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè parí.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ti owó lọ. Lọ́dún 2018 àti 2019, méjì nínú àwọn tó ti kópa nínú Love Island gba ẹ̀mí ara wọn. N kò sọ pé ètò náà ló pa wọ́n. Ohun tó ń bẹ nínú ọkàn ènìyàn jìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019 náà, iléeṣẹ́ ITV kéde pé àwọn yóò máa pèsè, ó kéré tán, ìpàdé mẹ́jọ pẹ̀lú olùtọ́jú ọkàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti inú ètò náà jáde. Ẹ ronú sí i. Ibi ìgbafẹ́ wo ni ènìyàn ti ń jáde tí yóò nílò ìtọ́jú ìgbà mẹ́jọ?

Mo fẹ́ ṣe òdodo. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Trista àti Ryan Sutter pàdé nínú The Bachelorette, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 2003, wọ́n sì ti bímọ. Àwọn kan wà nínú Love Is Blind náà tí wọ́n ṣì wà pa pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn baba wa kò sì mọ́ tónítóní. Alárinà kan wà tó ń purọ́, tí yóò ní ọkọ ní oko kòkó tí kò ní. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n fi fún ọkùnrin tí wọn kò fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. N kò ní kí a padà síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ dúró láàárín ọkọ àti aya jẹ́ ẹni tí yóò dùn bí ó bá bàjẹ́.

Ó kù kí n parí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ìwé ojú ewé mẹ́tàlélógún yẹn, mo rí i pé wọ́n lè fi í hàn bí ó bá ṣe wù wọ́n, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kò sì gbọdọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Mo rí i pé àwòrán rẹ̀ di tiwọn títí láé. N kò rí ibi kan tí wọ́n ti kọ ohun tí àwọn yóò ṣe bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni onígbèsè níbí, ìwọ náà ni onídùúró. Má fọwọ́ sí i."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, ṣé ẹ rò pé ọkọ ni mo ń wá ni? Ẹni tó bá jáde nínú rẹ̀ ń rí iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ̀wé wá iṣẹ́. Ṣé ẹ ti bá mi rí ọ̀kan?"

N kò ní èsì. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti wákàtí kan, ẹnu mi wọhò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àbùkù tí n kò rí nínú ìwé náà. Iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ń wá, òkìkí ni wọ́n ń wá, wọ́n kàn ní kí wọ́n pè é ní ìfẹ́ ni. Ọkùnrin tó bá sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ni òun náà ń wá. Ẹni méjì tó ń wo kámẹ́rà kò lè wo ojú ara wọn.

Kò fọwọ́ sí i. Ó ti rí iṣẹ́ báyìí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn bí a bá ń wo irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé, mo máa ń rí i tó ń wo àwọn ọmọ náà bí ẹni tó ń wo mọ́tò tí kò bá lọ. N kò lè búra pé kò ní bínú sí mi lọ́jọ́ iwájú. Mo kàn mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá bàjẹ́, àwa ẹbí rẹ̀ ni ì bá gbé e.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí a bú tẹlifíṣọ̀n nìkan. Ṣé ti wa kò ti ń di ètò tẹlifíṣọ̀n náà? Mo wà níbi ìdána kan tí ẹni tó ń ya fídíò ti dá ìyàwó dúró, tó ní, "Ìyàwó, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún jó wọlé, a ò rí i gbà dáadáa." Ọmọ náà padà, ó tún jó wọlé. Bàbá rẹ̀ tó ti sunkún ayọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí ó tún nu ojú rẹ̀. Ní báǹkì, mo ti rí àwọn tó yá owó ọdún mẹ́ta nítorí ayẹyẹ ọjọ́ kan. Mo sì ti rí ibi tí tọkọtaya ti pín tí gbèsè ìgbéyàwó kò tíì tán. Níbẹ̀ náà, ẹ bi ara yín: ta ló jèrè?

Láti ọdún mẹ́wàá tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ti ra aṣọ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹgbẹ́, a ti jó, a ti náwó. A mọ bí a ṣe ń múra lọ sí Ojúde Ọba, gbogbo ayé ló mọ̀ wá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bá ṣe ìgbéyàwó ni a ti padà lọ bẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan? Àwa tí a jẹ iyán, tí a mú ẹran lọ sílé, òǹwòran náà ni a jẹ́.

Nítorí náà, mo gbé àbá kan wá síwájú ẹgbẹ́. Kí ó tó di pé a yan aṣọ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa, kí àwọn ọmọ náà fúnra wọn yan ẹni méjì nínú ẹgbẹ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò bá wọn jókòó. Kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí kámẹ́rà kì í bèèrè: jẹ́nótáìpù wọn ńkọ́, gbèsè ta ló wà nílẹ̀, ta ló ń gbọ́ bùkátà àwọn òbí, iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ jọ ṣe. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹni méjì náà lọ bẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n tún lọ, láìmú fóònù ya ẹnikẹ́ni. Àti ẹ̀yin tí ẹ ní iléeṣẹ́ nínú wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń wá iṣẹ́ mọ ọ̀nà ilé yín. Bí ọmọ bá rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò ní di dandan kí ó lọ ta omijé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa wò ó o. Èmi náà yóò máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín wá ọkọ tàbí aya, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: bí mo bá sunkún, ṣé ìwọ yóò pàdánù, àbí ìwọ yóò jèrè?

Ọlọ́run yóò fún àwọn ọmọ wa ní ẹnìkejì rere. Ilé wọn kò ní dàrú. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ọdún mẹ́wàá mìíràn, gbogbo wa yóò pé jọ síbí, ẹnì kankan kò ní dín.